Hugh Owen Thomas, Ọmọ Atoegungun

Ní Ìyìn-Èkìtì, àti ní àwọn ìlú àti abúlé tí ó yí Adó ká, iṣẹ́ egungun títò kì í ṣe ohun àjèjì. Bí àgbẹ̀ bá já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, bí ọmọdé bá yọ̀ ṣubú lórí àpáta, tàbí bí alùpùpù bá gbé ènìyàn ṣubú lójú ọ̀nà Adó, ilé atoegungun ni ọ̀pọ̀ ẹbí kọ́kọ́ máa ń ronú kàn. Iṣẹ́ ìdílé ni. Baba ni í fi kọ́ ọmọ, ọwọ́ ni ọmọ sì fi ń kọ́ ọ, kì í ṣe ìwé. Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi rò pé ti àwọn dókítà yàtọ̀ pátápátá, pé inú ìwé nìkan ni àwọn Òyìnbó ti rí ìmọ̀ ìtọ́jú egungun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Hugh Owen Thomas, ẹni tí ọ̀pọ̀ dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà sí baba ìtọ́jú egungun ní ilẹ̀ wọn, ọmọ bíbí ìdílé atoegungun ni, baba rẹ̀ kò sì ní ìwé ẹ̀rí kankan.

Erékùṣù Anglesey, ní ilẹ̀ Wales, ni orírun ìdílé náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ láti ìran dé ìran ni pé ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọkọ̀ ojú omi kan fọ́ ní etí òkun Anglesey, ọmọdékùnrin kan tí kò gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ sì yè. Wọ́n gbà á tọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Evan Thomas. Bí ó ti ń dàgbà ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ egungun. Ti ẹran àti ti ẹyẹ ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ ń tò. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara wọn tọ̀ ọ́ wá, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ náà kò sì ti kúrò nínú ìdílé rẹ̀ mọ́. Ìtàn yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ àṣà àwọn atoegungun kan ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n máa ń dá ẹsẹ̀ adìẹ ní ibi tí ẹsẹ̀ aláìsàn ti ṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́jú adìẹ àti ènìyàn pọ̀, tí wọ́n sì ń sọ pé ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn náà yóò rìn. (Egungun adìẹ a máa so kíákíá ju ti àgbàlagbà ènìyàn lọ; ẹni tí ó bá fi ọjọ́ adìẹ ka ọjọ́ itan ènìyàn lè dìde ṣáájú àkókò.)

Ọ̀kan nínú àrọ́mọdọ́mọ ọkùnrin náà, tí ó ń jẹ́ Evan Thomas bákan náà, kó kúrò ní Anglesey lọ sí Liverpool. Ìlú èbúté ńlá ni Liverpool nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni àpótí ẹrù ń já lu àwọn alárù, tí àwọn atukọ̀ ń já bọ́ láti orí òpó ìgbòkun, tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin sì ń tẹ ọmọdé lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tí òkìkí Evan Thomas fi kàn láàárín àwọn tálákà ìlú náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn tálákà ti ń fẹ́ràn rẹ̀ ni inú àwọn dókítà ń bàjẹ́ sí i. Léraléra ni wọ́n pè é lẹ́jọ́ lórí ọ̀nà tí ó ń gbà tọ́jú aláìsàn. Ẹjọ́ ni ó là á lóye. Ó pinnu pé ohun tí ojú òun rí, ojú ọmọ òun kò ní rí i, ó sì rán gbogbo àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márààrún lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Gbogbo wọn ni ó sì di dókítà.

Hugh ni ó dàgbà jù nínú wọn. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1834 ni a bí i. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò le ni, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn òbí àgbà rẹ̀ ní Anglesey ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti mọ́ ju ti Liverpool lọ. Ní kékeré ni ó ti fi ojú kan ṣèṣe, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì bàjẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dé fìlà onígéńdé bíi ti àwọn atukọ̀, tí yóò fà á wálẹ̀ bo ojú náà. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n fi í sọ́dọ̀ arákùnrin ìyá rẹ̀ kan tí ó jẹ́ dókítà, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Edinburgh, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1857.

Ó padà sí Liverpool láti bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún kan péré ni wọ́n jọ wà. Baba gbà pé ọwọ́ òun ti tó. Ọmọ ti kọ́ bí ara ènìyàn ti rí nínú, ó sì fẹ́ mọ ìdí ohun gbogbo. Wọ́n pínyà. Síbẹ̀ Hugh kò da iṣẹ́ baba rẹ̀ nù. Ó gbé e lé orí ohun tí ó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, nínú ìdàpọ̀ méjèèjì yìí sì ni gbogbo ohun tí ó ṣe láyé ti jáde.

Ilé kejìlá kọ́ ni ó sọ di olókìkí, ilé kọkànlá ni, ní òpópó Nelson ní Liverpool. Ibẹ̀ ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti ń wo aláìsàn. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù nínú ilé náà ni pé alágbẹ̀dẹ àti oníṣẹ́ awọ wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú dókítà. Bí aláìsàn bá dé, Thomas yóò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sọ bí irin yóò ti gùn tó fún alágbẹ̀dẹ, oníṣẹ́ awọ yóò sì rán awọ mọ́ ọn kí ó má baà bó ènìyàn lára. Irin tí a rọ fún ẹni kan kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Kò sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú náà tí ó ní irú ètò bẹ́ẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ó ti máa ń jáde lọ wo àwọn tí kò lè dìde nílé wọn. A padà, a wo èrò títí di ọ̀sán, a tún jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi, ọ̀fẹ́ ni ó ń tọ́jú àwọn tálákà. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn mìíràn lórí igi ìtìlẹ́yìn, àwọn mìíràn lẹ́yìn ìyá wọn. Ènìyàn kúkúrú, tí ó rù, tí ara rẹ̀ kò sì le, ni ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Aṣọ dúdú tí a dè dé ọrùn ni ó máa ń wọ̀, sìgá kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

Kí wá ni Thomas mọ̀ nípa egungun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà rẹ̀ kò kà sí? Ó mọ̀ pé egungun kì í ṣe igi gbígbẹ. Ohun alààyè ni, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń wo ara rẹ̀ sàn. Nígbà tí egungun bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dà sí ibi tí ó ṣẹ́, a sì dì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í fi egungun titun tí ó ṣì rọ̀ kún àlàfo náà, yóò yọ kókó yí ibẹ̀ ká, kókó náà yóò sì máa le díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Egungun apá àgbàlagbà lè so ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ti itan lè gbà tó oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọmọdé yá ju ti àgbà lọ. Kò sí ewé, kò sí ìpara, kò sí òògùn inú ìgò tí ó ń lẹ egungun pọ̀. Ohun tí oníṣègùn lè ṣe ni kí ó tò ó kí ó tọ́, kí ó sì dì í mú kí ó má mira. Bí egungun tútù náà bá ń mira lójoojúmọ́, ńṣe ni yóò máa ya, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀, ó sì lè má so mọ́ láéláé, bí ó bá sì so, ó lè so ní wíwọ́.

Nítorí náà ni Thomas ṣe sọ ìsinmi di òfin. Ìsinmi tí ó ń wí kì í ṣe kí aláìsàn kàn dùbúlẹ̀. Ó ní kí a fi agbára mú ibi tí ó ṣẹ́ dúró, kí a má tú u lójoojúmọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì fún un ní gbogbo ọjọ́ tí ó bá gbà. Inú bí i púpọ̀ sí àwọn dókítà tí wọ́n ń tètè tú ìdì kí wọ́n lè máa yí oríkèé aláìsàn síwá sẹ́yìn.

Ó yẹ kí a rántí bí ayé ti rí nígbà náà kí a tó lè mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí egungun itan bá ṣẹ́ tí ó sì yọ síta, gígé ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń gé ẹsẹ̀ náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọgbẹ́ yóò gba ọyún, ọyún yóò sì pa aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ń kú nípa gígé náà fúnra rẹ̀. Ọdún 1867 ni Joseph Lister ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo ayé nípa òògùn tí a lè fi wẹ ọgbẹ́ mọ́ kí ó má baà rà. Bákan náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa wọ inú oríkèé àwọn ọmọdé, pàápàá ní ìbàdí àti orúnkún; àwọn oníṣẹ́ abẹ a sì máa gé oríkèé náà kúrò. Thomas kọ̀. Ó ní bí a bá fún oríkèé náà ní ìsinmi tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sàn láì fi ọ̀bẹ kàn án. Ó kọ ìmọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ní 1875, lórí àrùn ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀.

Nítorí àrùn orúnkún ni ó ṣe ṣe irin tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di àìkú. Ohun tí ó rọrùn púpọ̀ ni. Òrùka irin kan wà tí a fi awọ bò, tí a rọ nǹkan tìmùtìmù sí nínú. Ẹsẹ̀ aláìsàn yóò gba inú rẹ̀ kọjá títí òrùka yóò fi dé ìdí itan. Láti ara òrùka náà ni ọ̀pá irin méjì ti sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ inú, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òde, wọ́n sì pàdé ní ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀. A ó na aṣọ láàárín ọ̀pá méjèèjì, ẹsẹ̀ yóò sì sùn lé e bí ẹni sùn lórí àga ọ̀gbọ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé irin yìí gan-an ni itan tí ó ṣẹ́ ń fẹ́. Iṣan itan lágbára púpọ̀. Nígbà tí egungun tí ó nà wọ́n bá ṣẹ́, wọn a sún kì, wọn a fa ìlàjì ìsàlẹ̀ gòkè kọjá ìlàjì òkè, ẹsẹ̀ a sì kúrú. Ẹnu egungun tí ó ṣẹ́, tí ó mú bí ọ̀bẹ, a máa gún ẹran inú itan nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ó tó lítà kan, nígbà mìíràn lítà kan àbọ̀, lè dà sínú itan láì sí ọgbẹ́ ní ìta, ẹni tí ó ń wò ó kò sì ní mọ ìdí tí aláìsàn fi ń tutù lọ. Bí a bá fi ìdí òrùka ti egungun ìbàdí, tí a sì fi aṣọ so ẹsẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ irin kí a fà á, itan yóò nà, egungun yóò padà sí ìlà, kò sì ní lè mira mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ gbé aláìsàn la ọ̀nà gbágungbàgun kọjá.

Àwọn atoegungun Yorùbá náà mọ̀ pé ó yẹ kí a di egungun mú; ọparun tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi okùn hun bí ẹní kékeré, ni wọ́n máa ń fi yí ibẹ̀ ká. Ọgbọ́n náà dára. Ibi tí ewu wà ni pé ibi tí ó ṣẹ́ a máa wú ní ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kejì, ìdì tí kò fún jù láàárọ̀ sì lè fún jù ní alẹ́. Bí ó bá dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ìka yóò tutù, yóò di aláwọ̀ mìíràn, kò ní mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí wọn kò bá sì tètè tú u, ẹsẹ̀ tí ìbá sàn yóò kú, yóò sì di dandan kí dókítà gé e. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ti kọ̀wé púpọ̀ lórí irú ẹsẹ̀ tí ó kú báyìí. Èkejì ni egungun tí ó yọ síta: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sùn sí ibòmíràn bí kò ṣe ilé ìwòsàn. Irin Thomas kò yí ẹsẹ̀ ká. Ìdí òrùka nìkan ni ó ń ti ara, ojú sì ń rí ẹsẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí egungun bá kọ̀ tí kò so, Thomas ní ọgbọ́n kan tí ó dàbí àwàdà. Yóò fi òòlù kékeré lu ibẹ̀ jẹ́jẹ́, yóò sì fi rọ́bà so òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè kó jọ síbẹ̀. Àwọn dókítà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn ní ilẹ̀ Jámánì di olókìkí nípa kíkó ẹ̀jẹ̀ jọ báyìí.

Kí ni ìdí tí wọn kò fi tètè gbọ́ tirẹ̀? Apá kan ẹ̀bi náà jẹ́ tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, kàlámù rẹ̀ mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ kò gba àtakò, owó ara rẹ̀ ni ó sì fi ń tẹ ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀, tí kò fi sí ẹni tí yóò bá a yọ ọ̀rọ̀ líle kúrò nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ojú ọmọ atoegungun ni wọ́n fi ń wò ó. Títí ó fi kú, kò sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó fún un ní ipò. Ará Amẹ́ríkà kan, Dókítà John Ridlon, ni ó sọdá òkun wá wo iṣẹ́ rẹ̀ ní 1887, tí ó sì gbé e lọ sí ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn tí wọ́n ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú Thomas kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó gbé ìyàwó, Elizabeth, ní 1864, ṣùgbọ́n wọn kò bímọ. Ní 1873 ni ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyàwó rẹ̀ kan, Robert Jones, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Thomas tọ́ ọ bí ọmọ, ó sì kọ́ ọ ní ohun gbogbo tí ó mọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1891, Thomas kú ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn tálákà Liverpool ni ó tò sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ tí ó tò fún wọn dúró.

Robert Jones yàtọ̀ sí i ní ìwà. Onínútútù ni, ọ̀rọ̀ kì í ṣe líle lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ohun tí àwọn dókítà kọ̀ láti gbọ́ lẹ́nu Thomas ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí Thomas tó kú ni ó ti di ọ̀gá àwọn dókítà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ odò ọkọ̀ láti etí òkun dé Manchester. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni ó wà níbẹ̀, ìjàǹbá kò sì lópin. Jones to ilé ìwòsàn sí ẹ̀bá iṣẹ́ náà kí ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ lè rí ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ní 1896, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Wilhelm Röntgen ará Jámánì rí ìmọ́lẹ̀ X-ray, Jones wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wá ọta ìbọn tí ó wọ ọrùn ọwọ́ ọmọdékùnrin kan. Thomas kò rí ìmọ́lẹ̀ yìí. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń rí inú ara.

Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ó wá fi hàn gbogbo ayé ohun tí irin náà lè ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, Robert Jones ròyìn pé nínú ọmọ ogun 10 tí ìbọn ṣẹ́ ní itan, nǹkan bí 8 ni ó ń kú. Wọ́n ń gbé wọn lórí àkéte la kòtò kọjá, egungun ń gún ẹran, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Láti 1916 ni Jones, tí ìjọba ti fi ṣe alábòójútó ìtọ́jú egungun àwọn ọmọ ogun, ti mú kí wọ́n máa gbé irin Thomas lọ sí ojú ogun gan-an. Wọ́n kọ́ àwọn tí ń gbé aláìsàn bí wọn yóò ti máa fi í síni lẹ́sẹ̀, wọ́n tilẹ̀ di wọ́n lójú kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ṣe nínú òkùnkùn. Nígbà ogun Arras ní 1917, àwọn tí ó kú nínú àwọn tí itan wọn ṣẹ́ dín sí nǹkan bí 16 nínú 100. Kì í ṣe irin nìkan ni ó ṣe é, nítorí ìtọ́jú ọgbẹ́ pẹ̀lú ti sunwọ̀n sí i. Ṣùgbọ́n kò sí dókítà ogun tí ó jiyàn pé irin náà ni ó mú ọ̀pọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ láàyè.

Ogun kejì ni ó bí ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì ní Èkó: ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó farapa ni ó di ilé ìwòsàn náà ní 1945. Lónìí, ọ̀pọ̀ itan tí ó ṣẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń to, tí wọ́n sì ń ti ọ̀pá irin bọ inú ihò egungun náà, kí aláìsàn lè dìde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ráyè ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí níbi tí kò bá sí owó rẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ṣì ń na ọwọ́ mú irin olórùka náà. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa wọn itan aláìsàn kí wọ́n tó mú èyí tí yóò bá a mu, orúkọ Thomas ni wọ́n sì fi ń pè é.